Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i, epo dúdú lára etí rẹ̀, ó ń tún ohun tí mo fi ìbínú tẹ̀ bàjẹ́ ṣe.

“Ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́,” ó ní. “Kò kúkú ṣẹ̀ yín.”

“Ẹni tó ṣẹ̀ mí ń bẹ níbí. Mi ò tíì rí i ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo wa ń pè é, torí kì í pariwo. Òun ló ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ wa, òun náà sì wà lára àwọn tó ń jó irin.

Ẹ̀san ló gbé mi débẹ̀. Inú yàrá ìránṣọ yẹn ni iná ká ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mọ́. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n fi irin jó ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, kí òṣìṣẹ́ má baà jí aṣọ gba ibẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ méjèèjì fa irin gbígbóná náà títí wọ́n fi wá gbé e. Àwọn ìka rẹ̀ ká kò, kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Nígbà tí wọ́n tún ilé náà kọ́, wọ́n tún jó ilẹ̀kùn ọ̀hún pa.

Mo fẹ́ kí ọ̀gá jẹ̀ka àbámọ̀. Mo sì fẹ́ mọ ẹni tó jó o.

Ìfẹ́ ò bi mí kó tó dé. Jẹ́jẹ́ a máa dúró dè mí níbùdókọ̀, a máa pè mí ní “Adùn mi” kódà nígbà tí mo bá ń kanra. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún un, ojú rẹ̀ yí padà.

“Adùn mi, èmi ni mo jó o. Nígbà àkọ́kọ́, àti lẹ́yìn iná.”

“Kí ló dé tó o tún jó o?”

“Ẹ̀rù bà mí pé iṣẹ́ á bọ́.”

Mo gbá a létí. Mo sunkún délé, torí mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ó wá bẹ̀bẹ̀ nílé wa. Màmá mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. “Jẹ́ kó mọ bó ṣe ń rí,” wọ́n ní.

Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀ látinú yàrá. “Kó gé irin ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn lọ́sàn-án gangan, lójú ọ̀gá. Tó bá ti gé e, kó padà wá.”

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ tèmi. Nígbà ìsinmi, mo ń lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ: “Bí ẹ bá ti rí iná Jẹ́jẹ́ lára ilẹ̀kùn yẹn, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.” Ọjọ́ tí ọkọ̀ ń dúró de ẹrù ni mo dìídì yàn.

Jẹ́jẹ́ tan iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé irin ilẹ̀kùn náà. Ọ̀gá sáré jáde.

“Ta ló rán ẹ?”

“Àna mi ni, sà.”

“O ò níṣẹ́ mọ́ níbí.”

Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Ọ̀gá wo ọkọ̀, ó wo wa, òógùn bò ó.

“Ẹ wá jókòó kẹ́ ẹ rán an, sà,” mo ní.

Ó bẹ̀ wá. Ó ní ilẹ̀kùn á máa wà ní ṣíṣí, Jẹ́jẹ́ ò sì ní lọ ibì kankan. Mo ní mi ò gbọ́. Ó tún un sọ. Mo tún ní mi ò gbọ́. Mo gbọ́ o, ó kàn ń dùn mọ́ mi ni.

Nírọ̀lẹ́, Jẹ́jẹ́ kan ilẹ̀kùn wa. Màmá mi ò dìde. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ìgbọ̀nwọ́ ṣí i.

“Wọlé, ọkọ àbúrò mi,” ó ní. “Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o. Àmọ́ wọlé. Má sì ti ilẹ̀kùn.”