Ìbò tí Màmá Kò Dì

"Tiwa, ta ló sọ fún ọ pé mo dìbò ní 1959?"

Tiwa kò tíì bọ́ bàtà ilé ẹ̀kọ́ lẹ́sẹ̀ tí Màmá Ruth, ìyá bàbá rẹ̀, fi bi í ní ìbéèrè yìí níwájú ilé wọn ní Niger Street. Màmá jókòó sórí àga onírọ́bà, ó ń mu kúnú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúdélé, olùkọ́ ìtàn wọn, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó wá pe Màmá pé kó wá jókòó síwájú nínú gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí gbogbo èèyàn lè rí obìnrin tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọ àròkọ nípa rẹ̀.

Ara Tiwa bù máṣọ. Àròkọ náà dá lórí bí obìnrin ṣe gba ẹ̀tọ́ ìbò ní Nàìjíríà, ẹni tó bá sì ka tirẹ̀ tó gbégbá orókè lọ́jọ́ Jímọ̀ ni yóò lọ ṣojú ilé ẹ̀kọ́ ní Àbújá. Tiwa ti kà á nínú ìwé pé àwọn obìnrin Ìwọ̀ Oòrùn dìbò ní 1959. Yorùbá kúkú ni Màmá náà; ló bá gbà pé Màmá dìbò. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó tiẹ̀ tún bu iyọ̀ sí i: ó ní Màmá wé gèlè aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó sì sunkún ayọ̀ nídìí àpótí ìbò. Ẹni tí yóò purọ́, ṣebí ó yẹ kó kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó ń purọ́ mọ́.

"Mama, I think say..." Ó tún ahọ́n ṣe. "Mo rò pé gbogbo obìnrin Yorùbá ló dìbò ni, mà."

"Ṣé Ìbàdàn la wà ni?" Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni, ṣùgbọ́n kò gbàgbé nǹkan kan. "Kánò la wà, ìwọ ọmọ yìí! Rélùwéè ni bàbá rẹ àgbà ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Èmi àti òun la jọ lọ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀, wọ́n ní kí èmi máa lọ sílé, pé ní Àríwá, obìnrin kì í dìbò. Nígbà tí ìbò parí, lẹ́tà àbúrò mi obìnrin dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé òun ti dìbò. Àbúrò mi o! Ọmú kan náà la mu. Ó dùn mí wọra. Ogún ọdún ni mo fi dúró. Ní 1979, nígbà tí wọ́n wá gba obìnrin Àríwá láyè, èmi àti Ìyá Ròdíyátù, ará ilé kejì, la jọ tò. Oòrùn pa wá, a ò kúrò lórí ìlà títí a fi dìbò."

Ìtìjú bo Tiwa, ṣùgbọ́n Àbújá kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà jókòó lọ́jọ́ náà. Ẹ má sọ nǹkan kan."

Màmá gbé kúnú kalẹ̀. "Mo lè dákẹ́, mo ti dákẹ́ rí. Ṣùgbọ́n bí o bá ní mo dìbò, á jẹ́ pé ẹni tó dá mi padà kò ṣẹ̀ mí. Ìwọ lo kọ ọ́. Ohun tí o bá fẹ́ ni kí o kà."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Marvellous ọ̀rẹ́ rẹ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Abeg, read am as e dey. Who go know? Wallahi, na you go win."

Tiwa gun orí pèpéle. Ó rí Màmá níwájú, ó fọwọ́ lérán, kò bojú jẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ká ìwé rẹ̀.

"Irọ́ wà nínú ohun tí mo kọ," ló wí. "Màmá mi kò dìbò ní 1959. Wọn ò jẹ́ kí Màmá dì í."

Ó sọ ti ìforúkọsílẹ̀, ó sọ ti lẹ́tà Ògbómọ̀ṣọ́, ó sọ ti ogún ọdún. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní kí Màmá máa lọ sílé, ìyá kan lẹ́yìn kígbe pé, "Haba!" Gbogbo gbọ̀ngán sì hó yèè.

Ọ̀gbẹ́ni Olúdélé yìn ín, ṣùgbọ́n kò gbé òfin ìdíje tì. Irọ́ inú àròkọ tí Tiwa fi wọ ìdíje ti bà á jẹ́. Collins, ọmọ kíláàsì wọn tóun náà kọ àròkọ, ni wọ́n mú fún Àbújá. Marvellous pòṣé. Tiwa lọ sẹ́yìn kíláàsì, ó sunkún díẹ̀, ó sì nu ojú rẹ̀. Nígbà tó padà, àwọn ọmọbìnrin ti pagbo yí Màmá ká, ìbéèrè lórí ìbéèrè, Màmá sì ń dáhùn bí ẹni pé ó ti ń retí wọn láti ọjọ́ pípẹ́.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn gba France Road lọ sílé, Màmá wò ó. "Ṣé ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí, mà."

"Ó yẹ kó dùn ọ́. Àbújá kì í ṣe abúlé." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Màmá wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Láti 1959, Tiwa, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó dìde ní gbangba láti sọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ."

Inú Tiwa dùn ju bí ì bá ṣe dùn ká ní òun ni wọ́n mú fún Àbújá. Ó ti yé e wàyí pé ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àwọn tó jìyà kí ẹ̀tọ́ tó kàn wá, kó sọ ìyà náà bó ṣe rí. Irọ́ tí a fi yìn wọ́n, ṣe ni yóò bo ìyà náà mọ́lẹ̀.