Àpótí Funfun Ẹ̀yìn Kọ́tìnì

"Ẹnu-ò-dilẹ̀, gbọ́ mi dáadáa." Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na ìka sí bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí pákó. "Ihò méjì péré ló ní. Ọ̀kan fún àpótí funfun ara ògiri yìí, tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé láti ìta. Èkejì fún àpótí dúdú orí tábìlì, tó ń pín in fún wa. Bí iná bá lọ, tí ọ̀kan kú, asán ni èkejì. Má fọwọ́ kàn án o!"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo jọ ọmọ ọwọ́ lójú yín ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gbìyànjú. Tí ọdún yìí bá kọjá, ọjọ́ orí rẹ̀ ti ju èyí tí wọ́n ń gbà lọ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló fi fọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kó tó rí bátìrì yẹn rà, torí dátà fóònù kì í wọ inú ilé wa rárá.

Ó lọ wẹ̀. Èmi náà ní fídíò ijó tí mo ti ṣèlérí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, orí wáyà iná kékeré tí mo fi ń ya fídíò sì wọ ihò bátìrì yẹn wẹ́kú. Mo yọ àpótí funfun kúrò lára bátìrì, mo so ó mọ́ iná ògiri. Ṣebí iná wà. Mo jó, mo fi fídíò ránṣẹ́, mo yọ iná mi, mo fa kọ́tìnì padà, mo jókòó ti fóònù, mo ń ka ìyìn. Bí mo ṣe gbàgbé àpótí funfun nìyẹn.

Aago méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni iná lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ bó ṣe tọ́jú bàbá wa títí wọ́n fi kú. Ojú àwọn olùkọ́ náà gan síbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ má dààmú, Màmá, bátìrì wà," ló wí fún ìyá wa tó sáré wọlé.

Lóòótọ́, àpótí dúdú ń tàn yanran níwájú rẹ̀. Ó pa á, ó tún un tàn. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Òógùn bò ó. "Ìta ni wáyà ti já! Àwọn oníṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì yìí ti pa mí!"

Mo mọ̀. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni kọ́tìnì yẹn sí mi. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí, mo ń gbàdúrà pé kí iná dé kí àṣírí mi lè bò. Èmi tí ẹnu mi kì í dilẹ̀, n kò lè sọ gbólóhùn kan.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kọjá kí n tó lanu. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo yọ àpótí funfun kúrò lára bátìrì."

Ó fò dìde, ó so wáyà náà padà. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì dé, ìwé ránpẹ́ kan ló bá níbẹ̀: àwọn ti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí òfin àwọn ti wí, àwọn sì ti pe ẹlòmíràn.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?" ó bi mí.

"Nígbà tí iná lọ."

Màmá káwọ́ lérí. Ẹ̀gbọ́n mi kò lù mí, kò bú mi. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó yá lò, ó ká a, ó ní kí n lọ dá a padà fún aládùúgbò tó ni ín.

Ọdún kejì rèé, ọkọ̀ ló ṣì ń fọ̀. Mo ń kí i, ó ń dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò pè mí ní Ẹnu-ò-dilẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Nílé tiwa, ìka mi ló ṣẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n gé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè sọ, kódà bí ohùn yín bá ń gbọ̀n. Wáyà tí mo yọ, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti gbàgbé ìyẹn. Dídákẹ́ tí mo dákẹ́ ni kò tíì dárí rẹ̀ jì mí.