Ikùn Tí Iná Kò Ràn

"Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún Àǹtí mi gùn ju kọntéènà lọ. Kireènì ló gbé e wá láti èbúté Àpápá. Èmi àti dókítà la jọ dì í mú, èmi ni mo sì wà níwájú."

Ràdíátù ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún Destiny, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà ní Ajégúnlẹ̀, tó wá kí wọn nílé ìwòsàn. Ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ ni wọ́n dúró sí. Destiny ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀.

"Rádí, àbẹ́gì. Irọ́ ẹ yìí, tírélà mẹ́wàá ò lè kó o."

"Ikùn Àǹtí mi ti di irin, mò ń sọ fún ẹ. O lè dín àlùbọ́sà lórí ẹ̀, á kàn máa rẹ́rìn-ín ni."

Kì í ṣe pé kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún Àdùfẹ́, ẹ̀gbọ́n Ràdíátù. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, Àdùfẹ́ yìí ló tọ́ ọ dàgbà. Ẹnu ara rẹ̀ ló ti ń já oúnjẹ fún un. Nígbà tí wọ́n rán ikùn rẹ̀ tán, Dókítà Anayo gún un lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ikùn méjèèjì, kí àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ lè sùn fọnfọn di ọjọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń jẹ̀rora bí àwọn yòókù.

Dókítà kò gbọ́ Yorùbá, Ìyá Àgbà ilé wọn tó ń tọ́jú Àdùfẹ́ kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ni dókítà bá rán Ràdíátù sí i: awọ ikùn yẹn kò ní mọ gbígbóná yàtọ̀ sí títutù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi nǹkan gbígbóná kàn án títí di ọ̀la. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Ràdíátù ń mi orí bí alángbá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣókí kì í dùn lẹ́nu Ràdíátù. Nígbà tí Ìyá Àgbà bi í pé kí ni dókítà wí, ó ní dókítà ní ikùn náà ti le ju òkúta lọ, iná gan-an kò ràn án mọ́. Ogójì ọdún ni Ìyá Àgbà ti ń fi aṣọ gbígbóná tẹ ikùn abiyamọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì jáde lọ wá omi gbígbóná sínú fláàsì.

Nígbà tí Ràdíátù wá mú Destiny wọlé, ooru ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Ìyá Àgbà ti ń fún táwẹ̀lì, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìdodo Àdùfẹ́, lókè ibi tí wọ́n fi báńdéjì dì. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é: igbe abiyamọ ni òṣùwọ̀n. Tó bá ti ní "yéè", ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á rọra. Àdùfẹ́ kò ké. Ìyá Àgbà bi í bóyá ó gbóná, ó ní òun kò mọ nǹkan kan lára. Ìyá Àgbà tún bu omi sí i látinú fláàsì.

Ràdíátù rántí ohun tí dókítà sọ. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó sọ: ìyá, ẹ dúró. Ṣùgbọ́n Destiny la ẹnu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ikùn náà.

"Hẹn-ẹn," ni Destiny sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "òótọ́ lo sọ o."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ràdíátù, ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó dùn mọ́ ọn dé egungun. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni agbára abẹ́rẹ́ náà tán. Igbe tí Àdùfẹ́ ké, ẹ ó rò pé gbogbo ọkọ̀ ojú omi Àpápá ló fun fèrè pọ̀. Nígbà tí wọ́n ká aṣọ rẹ̀, ara ikùn ti lé, omi ti kún inú ibi tó lé, awọ sì ń bó bíi ti tòmátò tí wọ́n da omi híhó lé. Wọ́n gbé ọmọ fún un pé kó fún un lọ́mú. Ẹsẹ̀ ìkókó náà kan ikùn rẹ̀, Àdùfẹ́ ké, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e kúrò. Ọmọ ń sunkún, ìyá ń sunkún.

Ìyá Àgbà ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní ọwọ́ òun ló ṣe é, ogbó ti bà á jẹ́, òun kò tún ní fọwọ́ kan abiyamọ mọ́ láyé òun. Wọ́n ní kó bá wọn gbé ọmọ, ó kọ̀, ó fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìró rẹ̀. Ràdíátù fẹ̀yìn ti ògiri.

Dókítà Anayo dé. Ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun bi màmá pé iṣẹ́ wo ni wọ́n jẹ́ fún un lánàá.

"Wọ́n ní iná kò ràn án mọ́," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Ràdíátù ló jíṣẹ́ fún mi. Ọmọ mi kò lè parọ́ lórí irú èyí."

Gbogbo ojú yí sí Ràdíátù. Àdùfẹ́ kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó kàn ń wò ó nínú omijé.

"Ràdíátù, o gbọ́ ohun tí dókítà sọ, àbí o ò gbọ́?" ni Àdùfẹ́ bi í.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí wọ́n bá rán yín, bí ẹ ṣe gbọ́ ọ ni kí ẹ jẹ́ ẹ. Àsọdùn tó ń pa ọ̀rẹ́ lẹ́rìn-ín lè bó ẹlòmíràn láwọ. Bó bá sì ti bọ́ lẹ́nu yín ná, ẹ tètè jẹ́wọ́ kí omi tó gbóná.

Ràdíátù la ẹnu. Irọ́ kankan kò wá. Ó yí padà, nọ́ọ̀sì fẹ́ dì í mú, ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sì sá jáde, bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù sẹ́nu ọ̀nà.