Ẹni Tó Ń Lo Háàdì Àǹtí Aránṣọ

Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní irọ́, kó pè é bẹ́ẹ̀. Èmi mọ ẹni tó ṣojú rẹ̀. Kì í mutí, orí rẹ̀ pé, kò sì mọ irọ́ hun rárá. Bí ẹ bá ní kó sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ pàápàá, ọ̀rọ̀ wáyà ni yóò máa sọ fún yín.

Fẹ̀sọ̀mú là ń pè é. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, nínú yàrá kan tó dojú kọ títì. Kò sí ohun tó ń fi ipá fà yọ. Gbogbo oníbàárà ló ń wàásù fún pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ kọ́kọ́ sọ fún kọ̀ǹpútà kó tú háàdì sílẹ̀, kó gbà, kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó tí yóò fẹ́ á ti hu ewú kó tó fẹ̀sọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí Aránṣọ wọlé. Òdìkejì títì ló ti ń ránṣọ. Ó fi ìborùn wé nǹkan kan, ó rọra gbé e dání bí ẹni gbé ẹyin. Háàdì kékeré ni, irú èyí tí wọ́n ń kó fídíò pa mọ́ sí, tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta. Ó ní kọ̀ǹpútà òun kò dá a mọ̀ mọ́. Ó ní ọmọ òun wà nínú rẹ̀.

Fẹ̀sọ̀mú mọ ohun tó ń sọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni obìnrin náà bí, àìsàn sì mú un lọ kó tó dàgbà tó ẹni tó ń lọ iléèwé. Fóònù tí wọ́n fi ya fídíò rẹ̀ ti sọnù. Látìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ, inú àpótí ni háàdì yẹn wà, torí ìyá kò láyà láti wò ó. Àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un jáde.

"Mo ti ń gbàgbé bí ohùn rẹ̀ ṣe rí," ló wí. "Bọ̀dá, ẹ bá mi wá a."

Fẹ̀sọ̀mú so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Kò sí nǹkan. Ó pààrọ̀ wáyà. Kò sí nǹkan. Ó tì í bọ ihò mìíràn, ó gbé e lọ sára láptọ́ọ̀pù mìíràn. Òfìfo. Ó wá gbé e sétí. Ó ń yí nínú, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Ìyẹn dùn mọ́ ọn nínú, torí háàdì tó bá ṣì ń yí kò tíì kú. Ó lọ sí ibi tí kọ̀ǹpútà ń to gbogbo háàdì rẹ̀ sí, ó sì bá a níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà rí i, kò kàn fún un ní lẹ́tà, bíi D tàbí E, tí yóò fi máa pè é ni. Ẹ gbọ́ ná, ohun tí kò lórúkọ, ta ni yóò pè é? Fẹ̀sọ̀mú fún un ní lẹ́tà. Fódà tí fídíò wà nínú rẹ̀ ṣí.

Ọmọ náà nìyẹn, ó ń wẹ̀, ọṣẹ kún orí rẹ̀.

"Màámi, ọṣẹ ń ta mí lójú."

Àǹtí Aránṣọ fọwọ́ bo ẹnu. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. Fẹ̀sọ̀mú ń wojú òde, àánú ń ṣe é.

Wọ́n ń wò ó lọ títí wọ́n fi kan fídíò kan tí obìnrin náà kò rántí. Ọmọ kan náà ni. Ṣùgbọ́n ó ti ga. Eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fi òwú ṣeré. Aṣọ iléèwé ló wọ̀.

Ìyá sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà.

"Kò wọ aṣọ iléèwé rí."

Fẹ̀sọ̀mú ní bóyá ọmọ ẹlòmíràn ni. Obìnrin náà mi orí. Ó nàka sí kọ́tìnì tó wà lẹ́yìn ọmọ náà. Ó ní òun fọwọ́ ara òun rán an, oṣù tó kọjá lòun sì gbé e kọ́.

Ara Fẹ̀sọ̀mú bù máṣọ. Ó ní kí àwọn yọ háàdì náà ná. Ó sọ fún kọ̀ǹpútà kó tú u sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó ní wọ́n ṣì ń lò ó. Fẹ̀sọ̀mú pa fídíò dé, ó pa fódà dé, ó pa gbogbo ohun tó ṣí dé. Ó tún béèrè. Wọ́n ṣì ń lò ó.

"Ta ló ń lò ó?" ni obìnrin náà bi í.

"N ò mọ̀, Àǹtí."

Iná kékeré orí háàdì ń ṣẹ́jú. Fẹ̀sọ̀mú tún ṣí fódà náà. Fáìlì tuntun kan ti wà nísàlẹ̀, ó sì ń tóbi sí i lójú wọn. Ẹnìkan ń ya fídíò lọ́wọ́. Fáànù ń yí. Títì dákẹ́. Fẹ̀sọ̀mú di wáyà mú, ó fẹ́ fà á já. 

"Ẹ má fà á," ni Àǹtí Aránṣọ wí. "Ẹ jẹ́ kó ṣe é tán."

Nígbà tó ṣe, iná náà dúró. Wọ́n ṣí fáìlì náà.

Yàrá yẹn ni. Ọ̀sán yẹn ni. Ẹ̀yìn àwọn méjèèjì ni wọ́n rí, níbi tí wọ́n jókòó sí nídìí tábìlì. Ẹni tó ń yà wọ́n kò ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ. Wọ́n ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó sún mọ́ wọn. Ó tún sún mọ́ wọn, títí tó fi jẹ́ aṣọ ìyá nìkan ló kù lójú fídíò.

"Màámi, ṣé ká máa lọ?"

Fídíò parí síbẹ̀.

Fẹ̀sọ̀mú kò lè yíjú pa dà. Ó ní ọrùn òun kọ̀ fún òun, ẹ̀rù bà á débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Àǹtí Aránṣọ náà kò wẹ̀yìn. Ó kàn na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, ó la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, bí ìyá ti ń ṣe tó bá fẹ́ fa ọmọ lọ́wọ́. Ó dúró.

Ìka rẹ̀ ká mọ́ nǹkan.

Ó dìde, ó rọra jáde, ó ń gbé ẹsẹ̀ kéékèèké. Fẹ̀sọ̀mú pè é pé ó gbàgbé háàdì rẹ̀. Obìnrin náà ń bá tirẹ̀ lọ. Ó dúró létí títì. Kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀. Síbẹ̀, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó tẹrí sílẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kan sápá ọ̀tún rẹ̀. Ó sì dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, kó tó sọdá.