Ajá Arúgbó Inú Àgò Kẹsàn-án

Dencio ń fi burọ́ọ̀ṣì ha ilẹ̀ àgò kẹrin, òógùn rẹ̀ ń kán sínú omi ọṣẹ. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àgò irin méjìlá ló wà nínú ọgbà tí ìlú náà ń kó ajá aláìlólúwa sí, lẹ́bàá odò Pampanga, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kì í ṣe pé wọ́n gbà á síṣẹ́. Ó mutí yó, ó jà, ó fọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni. Olórí àdúgbò ní dípò àtìmọ́lé, kí ó lọ fọ àgò ajá fún oṣù kan.

“Dencio!” Mameng ló ké sí i láti ìdí ìkòkò ńlá tó ti ń se ìrẹsì mọ́ orí ẹja fún àwọn ajá. “Ṣé ìwọ lo di burọ́ọ̀ṣì yẹn mú ni, àbí burọ́ọ̀ṣì ló dì ẹ́ mú? Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n bí ewé àgbọn.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n ráyè ṣiṣẹ́ mi.”

“Ṣé mo gbà á lọ́wọ́ ẹ ni?”

Opó ni Mameng, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kì í sì í fi Olúwa rẹ̀ pa mọ́. Nítorí ìyẹn ni Dencio ṣe máa ń yẹra fún un.

Nígbà tí Dencio dé àgò kẹsàn-án, ó dúró. Ajá pupa kan ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, ojú òsì rẹ̀ ti ṣú. Bó ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Dencio, ó fi ìrù gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Mameng ti sọ fún Dencio pé, “Ó jọ pé ajá yìí mọ̀ ẹ́.” Èsì Dencio ni pé, “N ò rí i rí. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ lajá mọ̀.”

Irọ́ ni. Sarhento lorúkọ ajá náà, ọdún mọ́kànlá ló sì fi ṣọ́ ilé Dencio. Awẹ́ táyà tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, tí ṣéènì so mọ́, Dencio ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e.

Àkùkọ ìjà mẹ́ta ni Dencio ní. Ó ń fi ẹyin sísè bọ́ wọn, ó ń fi òróró ra ẹsẹ̀ wọn láràárọ̀. Egungun ẹja ni ti ajá. Nígbà tí odò kún, tí omi ń wọlé lọ́sàn-án gangan, ọtí ti wà lójú rẹ̀. Ó gbé àkùkọ kìíní gun òrùlé, ó padà wá gbé èkejì, ó tún padà wá gbé ẹ̀kẹta. Gbogbo ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ajá tó wà lórí ṣéènì ló ń gbà kọjá. Nígbà tó yá, ajá náà kò gbó mọ́. Ó kàn ń wò ó. Dencio tún sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin: ìgò jíìnì rẹ̀ ló lọ mú.

Kí wá ni èrè rẹ̀? Àkùkọ kan kú lórí òrùlé. Ó ta méjì yòókù, ó sì fi owó wọn mutí. Òfò gbáà!

Òpó tí ajá so mọ́ ti jẹrà, omi sì fà á tu. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi rí ajá náà lórí páànù tó léfòó, ṣéènì ṣì ń wọ́ lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì gbé e wá sí ọgbà náà lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n máa ń ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọdẹ ló sọnù.

Òfin ọgbà náà ni pé ajá tí ẹnikẹ́ni kò bá gbà fún ọjọ́ mẹ́ta, dókítà yóò fún un ní abẹ́rẹ́ ikú ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kẹrin. Àwọn èèyàn wá. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ ajá lọ. Tí wọ́n bá dé àgò kẹsàn-án, wọ́n á ní, “Èyí ti gbó jù,” wọ́n á kọjá. Òní ni ọjọ́ kẹrin.

Dencio ju burọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó lọ bá Dókítà Villaruz nínú yàrá rẹ̀.

“Dókítà, ajá àgò kẹsàn-án, tèmi ni.”

Obìnrin náà gbójú sókè. “Ẹ̀yin lẹ fi í sílẹ̀ lórí ṣéènì nínú omi?”

“Èmi ni.”

“Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sòótọ́. Àmọ́ ìdí tí n ò fi lè dá a padà fún yín nìyẹn. Lánàá ńkọ́, ta ni mo rí tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà?”

“Màá fi ọtí sílẹ̀. Mo búra.”

“Bàbá Dencio, ẹlẹ́ẹ̀kelòó rèé?”

Dencio kà wọ́n lọ́kàn. Ó ti búra níwájú ìyá rẹ̀ tó ń kú lọ. Ó ti búra lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ di ẹrù kúrò nílé.

Ó lọ sẹ́yìn táǹkì omi níbi tó tọ́jú ìgò rẹ̀ sí. Ó fẹ́ dà á nù, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó fẹ́ mu ún, ọ̀fun rẹ̀ kọ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Aago kan ti kọjá nígbà tí Mameng rí i.

“O ti lọ sọ fún dókítà pé ìwọ lo ni ajá yẹn.”

“Ẹ mọ̀?”

“Láti ọjọ́ Ajé. Ajá kì í kí àlejò báyẹn. O ní o ò rí i rí, òun ṣì mọ̀ ẹ́.”

Dencio bú sẹ́kún. “Ẹ̀gbọ́n, n ò lè gbà á sílẹ̀. N ò lè gba ara mi gan-an sílẹ̀. Ẹ wò ó, ìgò lásán, n ò lè dà á nù!”

“Mo mọ̀ pé o ò lè. Ajá yẹn náà, ṣé ó lè ṣílẹ̀kùn fún ara ẹ̀? Ṣé ó lè sọ ara ẹ̀ di ọmọ ajá kí wọ́n lè fẹ́ràn ẹ̀? Àfi kẹ́nì kan wọlé, kó ní òun máa dúró fún un. Jésù ti dúró fún ẹ, Dencio. Orí àgbélébùú ló ti dúró. Ó mọ gbogbo ohun tó o ṣe, títí kan èyí tó ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Kò ní kó o kọ́kọ́ dára. Ó ní kó o wá.”

“Bí mo bá tún ṣubú ńkọ́?”

“Ṣé ìwọ lo máa di Òun mú ni? Òun ló máa dì ẹ́ mú.”

Dencio tẹrí ba. “Olúwa, mo ti ṣẹ̀. Agbára mi ò gbé e. Gbà mí bí mo ṣe rí.”

Àrá kò sán, ìmọ́lẹ̀ kankan kò tàn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Mameng gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e, wọ́n sì jọ dojú ìgò náà dé, títí ọtí inú rẹ̀ fi dà tán.

Mameng wá lọ bá dókítà. “Orúkọ tèmi ni kẹ́ ẹ kọ. Ọgbà mi lajá á máa gbé, Dencio á máa wá tọ́jú ẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe é, èmi ni kẹ́ ẹ mú.”

“Màmá, kídìnrín ẹ̀ ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Bóyá ló máa lò ju oṣù mẹ́ta lọ.”

“Ṣé mo bi yín níye oṣù ni? Ẹ mú bírò wá.”

Nígbà tí aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Dencio fi ẹ̀mú gé ṣéènì kúrò lọ́rùn Sarhento, ó jù ú sínú ìdọ̀tí. Ajá náà lá ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà. Dencio kò tíì lọ. Ó fọ ìkẹwàá, ó fọ ìkọkànlá, ó fọ ìkejìlá. Àgò kẹsàn-án ló fọ̀ kẹ́yìn, ó sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, àwọn àkùkọ wo lò ń gbé gun òrùlé? Kí lo fi sílẹ̀ nínú omi? Má ṣe fi ìbúra mìíràn ṣòfò, ìbúra rẹ ti pọ̀ tó. Má sọ pé o ti gbó jù, tàbí pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ti pọ̀ jù. Ẹni tó wá kì í wo ọjọ́ orí, kì í ṣa ọmọdé nìkan. Aago ń lọ, ìwọ kò sì mọ ìgbà tí aago méjì tìrẹ yóò lù. Lónìí ni kí o ké pè É, níbi tí o jókòó sí yìí, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n.

Dencio fi burọ́ọ̀ṣì kọ́ sára ògiri. Ó jáde, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ajá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè yára mọ́.