Omi Gbígbóná Lórí Eyín Bàbá

"Omi tútù ni o, Bọ́sẹ̀dé!" Bàbá Fámúyìwá pè láti inú yàrá. "Bu omi sínú abọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí eyín mi má baà fọ́ bó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Má sì fi ọṣẹ ìfọyín kàn án, ó máa ń ha á."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Láti ìgbà tí oríkèé ìka ti ń dun bàbá àgbà ni iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ Bọ́sẹ̀dé, ọmọ-ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ gbogbo kọ̀rọ̀ eyín àtọwọ́dá náà, yóò sì rì í sínú ife omi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bàbá ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ní Ìkẹ́rẹ́ àti Emùré kó tó fẹ̀yìntì. Ọdún kẹsàn-án rèé tí eyín náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó ṣì ń dán gbinrin. Bí ó bá ń ka Bíbélì nínú ìjọ, ìyá arúgbó tó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bàbá náà ni yóò ka Bíbélì níbi ìkórè ìjọ lọ́la.

Ayọ̀mídé, ọ̀rẹ́ Bọ́sẹ̀dé, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Nọ́ọ̀sì eyín, o ò tíì ṣe tán? Wọ́n ti ń kọrin ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì o! Da omi gbígbóná lé e lórí, kí gbogbo kòkòrò kú lẹ́ẹ̀kan. Ṣebí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fọ ṣíbí ọmọ ìkókó?"

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Omi sì ń hó lórí sítóòfù. Bọ́sẹ̀dé dà á lé e. Nígbà tí ó gbé eyín náà sókè, ó rí i pé ó ti wọ́ díẹ̀. Síbẹ̀, ó rì í sínú ife, ó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀, eyín kò jókòó lẹ́nu Bàbá mọ́. Ó yọ ọ́, ó tún fi í sẹ́nu. Ó gún un ní erìgì. Bàbá mú dígí, ó wo ẹnu rẹ̀.

"Kì í ṣe eyín," ó sọ jẹ́jẹ́. "Párì mi ló ti wú. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Ìgè àbúrò mi nìyẹn, kò sì lo ọdún kan mọ́. Bọ́sẹ̀dé, lọ sọ fún àlùfáà pé kí wọ́n wá òǹkàwé mìíràn. Tèmi ti parí."

Bọ́sẹ̀dé dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ti ń múra ikú sílẹ̀ nítorí ìdákẹ́ òun. Ó padà, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, párì yín kò wú. Omi gbígbóná ni mo dà lé e. Mo rí i lánàá pé ó ti wọ́, mo sì dákẹ́."

Bàbá gbé dígí sílẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí! O fẹ́rẹ̀ẹ́ sin mí láàyè! Dìde, bá mi wá agbádá mi."

Ó dúró níwájú ìjọ láìní eyín. Àwọn ọmọdé kan rẹ́rìn-ín. Bàbá gbójú sókè: "Eyín mi ló bàjẹ́, ẹ̀yin ọmọ. Ojú mi ṣì ń ríran." Ó rọra kàwé náà dé òpin, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní Adó, dókítà eyín ní ooru ti ba ike náà jẹ́, kò ṣe é tẹ̀ padà. Àfi kí wọ́n ṣe òmíràn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Bọ́sẹ̀dé ló ń lọ ẹran Bàbá lórí ọlọ kó tó lè jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀ fún un.

Àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tó ti bàjẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀: kí ẹni tó bà á jẹ́ tètè sọ, kí aláìmọwọ́mẹsẹ̀ má baà ru ẹrù rẹ̀.