Ohun Tí Dókítà Rí Nínú Káfíńtà

Bàbá káfíńtà ń rẹ́ pákó lọ́wọ́ ni èébì gbé e. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ló bì, ó ṣubú, ó sì kú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, inú ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń ṣe káfíńtà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ata. Àwọn ará àdúgbò, tí ẹnu wọn kì í sinmi, ní kò sẹ́ni tó lè ṣe é bí kò ṣe Ìyá Kékeré, opó bàbá, tí kò bímọ, tó sì ń dáná fún gbogbo ilé.

"Ẹyẹ tó ń ké lórí páànù wa nírọ̀lẹ́, ta ló rán an?" ìyàwó káfíńtà ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Eèrà ló ń ṣà jẹ," Ìyá Kékeré dáhùn. "Ó ti rẹ̀ mí, ẹ jẹ́ n sinmi."

Káfíńtà kò fẹnu kan oúnjẹ Ìyá Kékeré mọ́. Láràárọ̀, omi tútù àti oògùn ẹ̀yìn-ríro méjì ló fi ń jáde. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá yó kì í rẹ́ pákó gún. Ó ń rù sí i.

Lọ́jọ́ tí òun náà bì ẹ̀jẹ̀, àwọn ará àdúgbò yí Ìyá Kékeré ká láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí aláìsàn.

"Ó dáa, èmi ni," Ìyá Kékeré wí níkẹyìn. "Mo ti tú u sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Wọ́n gbé káfíńtà lọ, wọ́n sì lé obìnrin náà lọ sílé àbúrò rẹ̀.

Dókítà ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí bọ̀ ọ́ lọ́fun. Inú rẹ̀ hàn lójú ẹ̀rọ: egbò méjì, ọ̀kan ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Ṣé ọwọ́ ayé ni?" ìyàwó béèrè.

"Ọgbẹ́ inú ni. Tọmọdé tàgbà ló ń ní in. Kòkòrò kan máa ń fà á, oògùn ara-ríro náà sì máa ń fà á, pàápàá fún ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́. Kí lẹ ń lò, káfíńtà?"

Káfíńtà sọ ọ́. Ó sọ ti bàbá rẹ̀ náà, ó sì bú sẹ́kún.

Nígbà tó lágbára díẹ̀, ó lọ bẹ Ìyá Kékeré. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé. Dókítà ti rí i, ẹ ò mọwọ́ mẹsẹ̀."



"Ṣé ó dá dókítà lójú?" Ìyá Kékeré béèrè. "Torí èmi gan-an ti ń bẹ̀rù ara mi."